Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ẹ Yé Fi Ojú Dá Ènìyàn Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín, ẹ kú ìlàkàkà, ẹ kú ìrọ́jú ayé yìí. Ọlọ́run á ṣe é ní rere fún olúkúlùkù yín.

Gbólóhùn kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ọkọ̀ Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, àní lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pàápàá: “Wo ojú ẹ̀ ná, ojú olè ni.” Tàbí kí ẹ ní: “Ojú ẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ dáadáa ni.” Ẹ ti wá gbé e dé orí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ wo àwòrán ẹnì kan, ẹ ò tíì gbóhùn rẹ̀, ẹ ò mọ ilé rẹ̀, ẹ ti gbé ìwà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí mo ti rí ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fìyà jẹ, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, mo sì ti rí ẹni rere tí ìyàwó ò yà sí nítorí pé imú rẹ̀ tóbi.

Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn níbí. Mo ti ń tà á láti ìgbà tí ọjà náà ṣì wà lọ́hùn-ún nítòsí Dùgbẹ̀, kí wọ́n tó kó wa wá sí ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹni tó bá ń ta àǹkárá àti léèsì láwìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ojú kì í san gbèsè. Oníbàárà kan lè wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, kó kúnlẹ̀ kí ènìyàn, kó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé òun náà ni a ó máa wá kiri títí dé Ọ̀jọ́ọ̀. Òmíràn lè fajú ro wọlé, kó nà ìka sí aṣọ tó fẹ́ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, kó sì jẹ́ pé owó rẹ̀ á ti dé kí ọjọ́ tó pé. Mo sì ti rí ẹlẹ́rìn-ín tó ń san owó, àti onírojú tó jẹ gbèsè sá lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn: bí gbogbo ẹlẹ́rìn-ín bá jẹ́ gbájúẹ̀, à bá ti mọ̀ wọ́n. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Nítorí náà, àwa ọlọ́jà kì í wo ojú. Onígbọ̀wọ́ ni a ń béèrè: ta ló mọ̀ ọ́, ta ni yóò san án bí o kò bá san án? Bí onígbọ̀wọ́ bá wà, a ó fún un ní aṣọ díẹ̀ ná. Bó bá san ti àkọ́kọ́ bó ti wí, ó lè mú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kejì.

Ẹ tún wo èsúsú. Ẹni tuntun kì í kọ́kọ́ kó. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó, ìyá èsúsú á fi í sí ìparí. Á máa dá owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa wo àwọn tó ṣáájú bí wọ́n ṣe ń kó, àwa náà á sì máa wò ó. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé owó wá, àbí ó ń rán ọmọ wá pé òun ò sí nílé? Lọ́sẹ̀ tí ọjà kú ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bú u níwájú èrò ńkọ́, ṣé ó bínú dá owó dúró? Ẹni kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí mi ò ní dárúkọ. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kí a tó jókòó tán ni àbúrò rẹ̀ ti gbé owó dé, ó wé e sínú ọ̀rá dúdú, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun má pẹ́ lọ́nà. Lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo wa mọ irú ẹni tó jẹ́. Ojú rẹ̀ ti wà níwájú wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbéyàwó. Kí àwọn òbí wa tó gbà pé kí ọmọ lọ ilé ọkọ, alárinà á ti lọ, á ti bọ̀, wọ́n á ti ṣe ìwádìí. Ìwádìí yẹn ní àléébù tirẹ̀, mi ò ní pa irọ́, torí wọ́n máa ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá bàbá ka ọmọ tí kò mọ nǹkan kan lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ṣe ni wọ́n ń béèrè: ṣé ó ń lu obìnrin, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe ń ṣe sí ìyá rẹ̀? Kò sẹ́ni tó rán alárinà pé kó lọ wo bí ipéǹpéjú ọkọ ṣe rí.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní, “Màmá, ṣebí ẹ̀yin àgbà náà ń ka ojú, ẹ̀yin tí ẹ kọ ilà.” Òótọ́ ni, pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé ni ilà ń sọ. Àbàjà, gọ̀m̀bọ́, pélé, kẹ́kẹ́, túre: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ibi tí o ti wá, á mọ ìdílé rẹ. Nígbà ogun ayé àtijọ́, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lè rí ará ilé rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, kí ó sì dá a mọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Balógun àti olè lè kọ àbàjà kan náà, abẹ olóólà kan náà ló sì kọ ọ́ fún wọn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àká sí ẹnì kan lọ́wọ́ nítorí gọ̀m̀bọ́ ojú rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ní kí a má kọ ilà fún ọmọdé mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn òyìnbó Yúróòpù wà lára àwọn tó sọ kíka ojú di ẹ̀kọ́ inú ìwé. Ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní Yunifásítì ló ka ìtàn náà fún mi. Pásítọ̀ kan ní Zurich, Johann Kaspar Lavater, tẹ ìwé ńlá mẹ́rin jáde láàárín 1775 sí 1778 pé ìwà ènìyàn wà ní imú, ní iwájú orí àti àgbọ̀n rẹ̀. Ayé gbà á. Ní 1831, nígbà tí Charles Darwin ń wá àyè nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Beagle, díẹ̀ ló kù kí ọ̀gá ọkọ̀ náà kọ̀ ọ́ nítorí bí imú rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀gá náà ka Lavater, ó ní ẹni tó ní irú imú yẹn kò lè ní agbára àti ìpinnu fún ìrìnàjò náà. Darwin lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún márùn-ún lójú omi àti ní ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ tó sì ṣe níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, kọ̀wé ní 1876 pé a bí ọ̀daràn ní ọ̀daràn ni, pé àgbọ̀n ńlá àti etí báyìí báyìí ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Charles Goring, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó wọn nǹkan bí 3,000 ẹlẹ́wọ̀n, ó fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣẹ̀wọ̀n rí, títí kan sójà àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1913, ohun tó sọ ni pé òun kò rí ojú kankan tó jẹ́ ojú ọ̀daràn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti dá ẹjọ́ yìí, ẹ̀yin ṣì ń tún un dá nínú ọkọ̀ Mọ́kọ́lá.

Kí ló dé tó fi ń dà bí òótọ́ lójú wa? Ní 2006, Janine Willis àti Alexander Todorov ní Yunifásítì Princeton fi àwòrán ojú àjèjì han àwọn ènìyàn fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kíá ni wọ́n ti sọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Nígbà tí wọ́n fún wọn láyè láti wò ó pẹ́, ìdájọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìdánilójú wọn ló ń pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Bí ẹ bá ń wo àwòrán ẹnì kan títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, kìkì pé ẹ ó máa rò pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Ojú ń sọ nǹkan, mi ò jiyàn. Ó ń sọ pé inú ń bí ènìyàn nísinsìnyí, pé oorun ń kùn ún, pé ara rẹ̀ ò yá. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń yan gàrí. Igi tútù ló fi ń dáná, torí òun ló rí rà. Á jókòó ti agbada láti àárọ̀, á máa fi àjákù igbá ru gàrí náà, èéfín á sì máa dojú kọ ọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti yí. Ojú rẹ̀ pupa fòò, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Àwọn ọmọdé ń sá fún un, wọ́n ní àjẹ́ ni. Àgbàlagbà ló kọ́ àwọn ọmọ yẹn. Obìnrin tí èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú kí ìlú lè mu gàrí, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹyinjú ọ̀pọ̀ àfín máa ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ ó ní ojú rẹ̀ ò dúró, pé òpùrọ́ ni. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu rẹ̀ sápá kan, ẹ ó ní ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ yìí kì í ranjú mọ́ àgbà. Ó ń wo ilẹ̀ bí àgbà bá ń bá a wí. Ẹ gbé ọmọ kan náà lọ síwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́, wọ́n á ní kò dá ara rẹ̀ lójú, bóyá ó ń fi nǹkan pa mọ́. Ojú kan náà ni, ìwà kan náà ni. Àwọn tó ń wò ó ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin gan-an ti jẹ nínú ìyà rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé ẹ ṣì ń ṣe é. Ṣé ẹ ti gbàgbé SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n tú ká ní oṣù kẹwàá 2020? Ọmọkùnrin tó bá di dàda, tó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ sì ń dán, ọmọ yahoo ni lójú wọn. Ẹ jáde, ẹ ké, ẹ sì jàre. Àmọ́ ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ ké náà ni ẹ ń ṣe sí aláàárù tí ilà kún ojú rẹ̀, tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ óò ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Aṣọ ni ìyẹn ń bá wí, ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mú wọ̀. Ta ló mú imú fúnra rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí lè di ti ẹ̀jẹ̀. Ní Rwanda, nígbà ìjọba àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n wọn imú àti gíga ènìyàn, wọ́n pín wọn sí ẹ̀yà Tutsi àti Hutu, wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì ìdánimọ̀ láti àwọn ọdún 1930. Nígbà ìpakúpa 1994, tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi, wọ́n ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà láti yẹ káàdì wò. Ẹni tí kò bá ní káàdì, ojú àti gíga rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ ni yóò gbà wá. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú ènìyàn wò, bóyá wọ́n lè mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin lásán. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe ọ̀kan nínú wọn tó ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún; fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò pé ìdá kan. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé obìnrin ni mí, ṣé òun ni yóò wá sọ bóyá olóòótọ́ ni mí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọkọ àti aya lórí fóònù, mo bẹ̀ yín. Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ojú tó fani mọ́ra ni irinṣẹ́ gbájúẹ̀. Àwòrán sójà òyìnbó tó rẹwà ni wọ́n ń jí lò. Kí ẹ tó fi ọkàn àti owó lé ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ebi ń pa á, tí kọ̀ndọ́kítọ̀ sì di ṣéńjì rẹ̀ mú. Ẹ wo bó ṣe ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yá a lówó rí. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ẹ rántí oṣù kẹta 2014 tí wọ́n já sí igbó Ṣókà níbí, ibi tí wọ́n ti bá òkú àti àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wa. Láìpẹ́, ẹnikẹ́ni tí irun rẹ̀ bá rí jákujàku, tó gbé ẹrù àkísà sẹ́yìn, ti di gbọ́mọgbọ́mọ lẹ́nu ìgboro, àní wèrè tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè tún dé. Bí ẹ bá bá èrò tó rọ̀gbà yí ẹnì kan ká, tí taya ti dé ilẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè sókè: kí ló ṣe? Ta ló rí i? Kí ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé “ẹ wo ojú ẹ̀” ni gbogbo ìdáhùn wọn, ẹ má gbé fóònù sókè láti ya fídíò. Ẹ fi pe ọlọ́pàá, kí ẹlòmíràn nínú yín sáré lọ pe mọ́gàjí àdúgbò, kí àwọn tó kù dúró ti ẹni náà títí wọn yóò fi dé.

Èmi ni ìyá yín,
Ìyá Aláṣọ,
Gbági, Ìbàdàn.