Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, ta ló ní ọkùnrin ti tán?

Ẹ̀yin ọmọ mi n'Íbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá lóde ìnáwó, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀yin fúnra yín nínú mọ́tò láti Agbowó dé Dùgbẹ̀: "Ọkùnrin gidi ò sí níta mọ́. Èyí tọ́wọ́ ẹ bà, rọra dì í mú." Ọmọ ọdún 28 ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, bí ẹni pé ọjà ti fẹ́ tú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, torí òun ló ń fún ẹni tó ń lu obìnrin nígboyà. Ọmọkùnrin tó bá ti mọ̀ pé ẹ̀rù àìrọ́kọ ń ba ọ̀rẹ́bìnrin òun, á gbá a létí lọ́sàn-án, á bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé kò ní lọ. Nínú ìwé kan tó jáde ní 1983, Marcia Guttentag àti Paul Secord, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé níbi tí obìnrin bá ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ, ọwọ́ ọkùnrin ni agbára máa ń bọ́ sí láàárín olólùfẹ́, torí kò ní pẹ́ rí ẹlòmíì. Lójú tèmi, kò tiẹ̀ dìgbà tí ọkùnrin bá wọ́n lóòótọ́. Kí obìnrin ṣáà ti gbà pé wọ́n wọ́n, ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọmọ tí wọ́n ń bí láyé, ọkùnrin tó 105 sí obìnrin 100.

Mi ò ní àìrí ọkùnrin ló ń na èèyàn o. Ẹni tó gbọ́wọ́ sókè ló jẹ̀bi. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 sọ pé nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Ọmọ àwa náà wà níbẹ̀.

Ẹ ní owó tiyín lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yà yín kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń lu obìnrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́kùnrin yín bá lù yín, ẹ sọ fún èèyàn kan lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lọ sí UCH tàbí ọsibítù tó bá súnmọ́ yín, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí Ọ̀yọ́ náà ti ṣe irú rẹ̀, kò béèrè bóyá wọ́n ti san owó orí yín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín obìnrin bá di ẹrù tó ń bọ̀ wálé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyá yín,
Ìbàdàn