Zélie àti Amari ti lọ

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Àbúrò rẹ sọ fún mi pé o ti ka ìwé kẹta tán, èyí tó parí ìtàn Zélie àti Amari, pé oúnjẹ ò sì wọlé fún ọ mọ́. Má jẹ́ kó fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Láti 2018 tí Tomi Adeyemi ti gbé Children of Blood and Bone jáde ni àwọn ọmọ yìí ti ń bá wa gbélé. Ìwé kejì dé ní 2019, lẹ́yìn náà a retí títí di 2024. Ọmọdé ni ọ́ nígbà tí o pàdé wọn. Ta ni ò ní sunkún?

Èmi náà mọ̀ wọ́n. Inú ṣì ń bí mi pé òǹkọ̀wé gbé Ìlọrin lọ sórí omi òkun (Ìlọrin, ìlú bàbá rẹ!), ṣùgbọ́n nítorí Màmá Àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá, mo gbójú fò ó.

Wọ́n ní o fẹ́ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé pé kó kọ ìkẹrin. Jọ̀ọ́, má bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pa ìyá Zélie nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀ náà kú kí ìwé àkọ́kọ́ tó parí. Ọba Saran pa Binta, ọ̀rẹ́ Amari, Amari sì padà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọba náà, bàbá tó bí i. Irú ìtàn yìí kì í rìn láìsí wàhálà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tún jáde, ìyà ló ń wá fún wọn.

Má sì fi omijé wẹ Amari mọ́. Ohun tó ṣe nínú ìwé kejì, mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í. Rántí rẹ̀ pẹ̀lú àbùkù rẹ̀.

Tí àárò Zélie bá ń sọ ọ́, Ọya tí ọmọ náà ń ké pè kò bá ìwé parí. Àwòrán òrìṣà tí Adeyemi rí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Salvador, ní Brazil, ló ru ìtàn náà sókè lọ́kàn rẹ̀. Ìwọ ò nílò kí o lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ìyá àgbà rẹ mọ oríkì Ọya. Tí o bá wálé ní Kérésì, jókòó tì wọ́n, kí o ní kí wọ́n kì í fún ọ.

Jẹun o. Kí o sì fi ìwé kẹta yẹn rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé sí mi. Má sọ ẹni tó kú fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ