Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù ẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo pè ẹ́ títí, fóònù ń dún o ò gbé e. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó o ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún mi. Wọ́n ní bàbá kan tí ọba wọn fi oyè "Sir" dá lọ́lá wá, o pe "Sir" mọ́ orúkọ ìdílé ẹ̀, ni mánéjà bá pariwo mọ́ ẹ lójú àwọn àlejò. Ṣé torí ìyẹn lo ṣe dákẹ́? Má jẹ́ kí ìtìjú pa ẹ́ lẹ́nu mọ́ o.

Mo mọ ibi tó ti wá. Èmi ni mo kọ́ ẹ pé a kì í pe àgbà lórúkọ, o wá rò pé orúkọ ìdílé ló ní ọ̀wọ̀ jù. Tàwọn Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀, orúkọ àbísọ ló ń tẹ̀lé "Sir". Mo Farah tó ń sáré yẹn, "Sir Mo" ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Elizabeth Anionwu, "Dame Elizabeth" ni, torí "Dame" ni oyè "Sir" tàwọn obìnrin. Àmọ́ ìyàwó Sir, "Lady" pẹ̀lú orúkọ ìdílé ọkọ ẹ̀ ni o! Àwọn ìjòyè wọn gangan, ipò márùn-ún ni: duke, marquess, earl, viscount, baron. Duke nìkan ni "Your Grace", àwọn mẹ́rin tó kù, "Lord" àti orúkọ oyè wọn. Tó bá jẹ́ ọba fúnra ẹ̀ ló wọlé, "Your Majesty" lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó o máa fi "Sir" dáhùn. Tí ò bá dá ẹ lójú, béèrè kó o tó gbé oúnjẹ síwájú wọn, kí ló ń tì ẹ́ lójú?

Ẹ̀rọ omi wa ti bàjẹ́, àbúrò ẹ ti ṣe JAMB, ẹja wọ́n gan-an ní Ẹbúté.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé tó o bá délé ní Dìsẹ́ńbà, wàá kàn dúró bí igi láàfin Ayangburen, ọba Ìkòròdú. Kúnlẹ̀ dáadáa, kó o ní "Kábíyèsí o, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Má na ọwọ́ sí ọba pé o fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ o, má sì dárúkọ wọn. Àwọn ìjòyè, oyè wọn ni kó o fi kí wọn, Olísà, Balógun, bó ṣe wà. Bàbá ẹ ló mọ gbogbo èyí, ó máa ń dùn mí pé ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fi ẹ́ ṣọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sáàfin, mi ò jẹ́ kó o tẹ̀lé wọn rí. Òun ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ báyìí, ọmọ dáadáa ni ẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ di odi.

Télọ̀ ń dúró de ìwọ̀n ẹ, àyà àti ìbàdí, fi ránṣẹ́ lónìí.

Màmá ẹ.