Pythagoras yẹ lórí pápá, kì í ṣe lórí pátákó nìkan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lóòótọ́ ni ìṣirò ń ni àwọn ọmọ girama lára gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọpọlọ wọn ló kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ wọn ni.

Ẹ wo òfin Pythagoras: nínú onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan gún régé (ìwọ̀n 90), bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ kúkurú kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a ro méjèèjì pọ̀, iye náà á bá ti ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù dọ́gba, bíi 9 + 16 = 25. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí pápá pẹ̀lú èèkàn, okùn àti téèpù. Láti igun kan, kí wọ́n wọn mítà 3 sí apá kan, mítà 4 sí apá kejì. Bí ó bá jẹ́ mítà 5 ló wà láàárín orí méjèèjì, igun náà gún régé. Bẹ́ẹ̀ làwọn bíríkìlà ṣe ń ta okùn ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àṣìṣe rẹ̀ náà. Bí téèpù bá dẹ̀, tí ohun tí wọ́n kà sí mítà 5 fi sẹ̀ǹtímítà 2 dín, ògiri tó gùn tó mítà 12 á ti yà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 kó tó dópin! Ìyẹn ni mítà 6, 8, 10, ìlọ́po méjì 3, 4, 5, fi sàn fún ilé ńlá: àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 2 kan náà kò ní yà á tó bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwé tí kò bá ní téèpù, okùn tí a fi kókó pín sí ọ̀nà 12 tó dọ́gba ti tó: kí wọ́n fà á sí onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà 3, 4 àti 5.

Olùkọ́ ìṣirò, Ìkirè