Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Gbé Gíláàsì Wá sí Àkúrẹ́, Ẹ Fi Káńtà Àtúnṣe Sílẹ̀

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà nílé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù mi.

Ẹ̀yin Alàgbà,

ẸJỌ́ FÓÒNÙ TÓ DÁ ILÀ LÓJÚ NÍ ỌJỌ́ KỌKÀNLÁ, ÀTI ṢỌ́Ọ̀BÙ YÍN TÓ NÍ TÍTÀ NÌKAN LÒUN Ń TÀ

Mo kí yín o. Aránṣọ ni mí, Òkè-Àró ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ jẹun níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn, onílé mi ni mo kọ ọ́ sí nítorí òrùlé tó ń jò, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi rán káfíńtà wá. Ohun tó fún mi ní ìgboyà láti kọ tiyín nìyẹn. Ẹ̀dà tí mo fi síta fáwọn èèyàn kà, mi ò kọ orúkọ yín sí i. Kì í ṣe ìtìjú yín ni mò ń wá, fóònù mi ni mò ń wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, mo ra fóònù kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ṣí sínú mọ́ọ̀lù níbí ní Àkúrẹ́. ₦287,500 ni mo san, tiránsífà ni mo fi san án, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, pálí náà wà níbẹ̀. Owó àjọ ni. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi dá a, ìgbà tó sì kàn mí láti kó o, ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ni aránṣọ fẹ́ fi fóònù olówó ńlá ṣe. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà mi ti ń fi sítáìlì ránṣẹ́, inú fótò ni mo ti máa ń fẹ̀ ẹ́ wò kí n tó mọ̀ bóyá pílíìtì ni wọ́n ṣe sí ìbàdí tàbí wọ́n kàn sún un jọ. Orí rẹ̀ náà ni alẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé. Bí ojú fóònù mi bá fọ́, ojú tèmi náà ló fọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín, torí ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ yìí wà. Fóònù yìí kan náà wà ní Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ ìyá tí mo ti ń ra fóònù tipẹ́. ₦272,000 ló pè é fún mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní kó ṣàánú mi, á tún yọ díẹ̀ kúrò. Mo fi ₦15,500 lé e wá fún yín. Ọmọkùnrin yín tó dá mi lóhùn, ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí orúkọ yín wà láyà rẹ̀, òun ló sọ fún mi pé: “Mọ́mì, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Àwọn yẹn ń tà á ni. Àwa la ṣe é.”

Àwa la ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ₦15,500 rà.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 29, ìyàwó kan fi sítáìlì bùbá ránṣẹ́ sí mi. Mo ń wò ó, mo rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú àwòrán náà. Mo fọwọ́ gbá a dànù, torí òwú ni mo pè é. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, kò síbi tí òwú kì í lẹ̀ mọ́, kódà a máa ń bá a nínú ọbẹ̀. Kò lọ. Mo fi èékánná họ ọ́. Kò lọ. Ìgbà tí mo gbé fóònù náà síbi tí oòrùn wà ni mo rí i pé inú ló wà: ilà aláwọ̀ ewé kan, láti òkè délẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fa fọ́nrán kan yọ lára léèsì tí ọ̀nà rẹ̀ sì hàn gbangba. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti di méjì. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mẹ́rin ni, èyí tó wà lápá ọ̀tún sì ti di pupa.

Kò bọ́ sílẹ̀. Omi ò kàn án. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò fọwọ́ kàn án, wọ́n mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Rọ́bà tí mo fi bò ó, ẹ̀yin náà lẹ tà á fún mi, ₦6,000.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà, ó di mọ́ọ̀lù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín ṣílẹ̀kùn fún mi bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún olóyè. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ló tún wà níbẹ̀, ó sì rántí mi. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Ó fi pín-ìn-nì fa ibi tí síìmù ń jókòó sí jáde, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, ó ní kí n wá fojú ara mi wò ó. Ìwé pénpé kan wà nínú ibẹ̀ tó jẹ́ pé bí omi bá kàn án, pípọ́n ló máa pọ́n. Funfun báláú ni mo bá a. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́nu: “Mọ́mì, omi ò débí.” Ó yí fóònù náà po, kò rí ojú ibi tó ti forí sọlẹ̀. Ó wá lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà ò jókòó. Ó wo ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní: “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Títà nìkan là ń tà níbí. Ẹ gbé e lọ síbi àtúnṣe wa ní Ìkẹjà.”

Mo ní Ìkẹjà ti Èkó? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní ṣé ẹ ò lè bá mi fi ránṣẹ́, ṣebí ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá fún yín kì í fò wá. Ó ní kò sí nínú ètò àwọn. Mo ní tí mo bá gbé e dé Ìkẹjà, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi wò ó? Ó ní òun ò lè sọ. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan tó dùn mí dénú: “Ta ló ṣe fóònù yìí?” Kò dáhùn. Mo gbójú sókè wo ògiri, orúkọ yín wà níbẹ̀, iná wà nínú rẹ̀, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba. Tábìlì kan, agboòrùn kan, àpótí kékeré tí mo jókòó lé. Ó fi awò sójú, ó tẹ etí fóònù náà jẹ́jẹ́, ilà náà sì ń ṣẹ́jú. Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi ríbọ́ọ̀nù ló so ojú fóònù mọ́ inú, bí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú náà kò bá mú dáadáa, ilà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, á sì máa pọ̀ sí i. Mo ní kó bá mi ṣe é, èló ló máa gbà? Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí tábìlì. Ó ní: “Mọ́mì, bí mo bá ṣí i, wáránti yín ti lọ nìyẹn. Ẹ bá àwọn tó ni í jà ná.” Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ yẹn ò mọ̀ yín rí, òun ló ń ṣọ́ wáránti yín fún mi.

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Mo ròyìn fún un, ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo bí ṣọ́ọ̀bù yín ṣe rí yẹn, tábìlì gbọọrọ, gíláàsì láti òkè délẹ̀, kí oníbàárà máa fọwọ́ kan ọjà bó ṣe wù ú, ọ̀dọ̀ Apple làwọn èèyàn ti wò ó kọ́. Ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni Apple ṣí ṣọ́ọ̀bù méjì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan náà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Tysons Corner ní Virginia, èkejì ní Glendale ní California. Inú mọ́ọ̀lù ni méjèèjì wà, bíi tiyín. Ṣùgbọ́n ohun tó ní kí n fara balẹ̀ wò ni káńtà kan tí wọ́n pè ní Genius Bar. Ron Johnson, ẹni tí Steve Jobs tó jẹ́ ọ̀gá Apple nígbà náà gbà síṣẹ́ láti bá a dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, ló mú un wá, ó ní ọ̀nà tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ń gbà dá àlejò lóhùn ló fún òun ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á gbé ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn wá, ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà á jókòó kọjú sí i, á sì wò ó lójú rẹ̀.

Ó tún sọ ti Gateway fún mi, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn láti ọdún 1996, kí Apple tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á wọlé, á rí kọ̀ǹpútà, á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà: wọ́n á kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ tó bá yá. Lọ́dún 2004, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù 188 tó kù lọ́wọ́ wọn pa. Microsoft náà ṣí tirẹ̀ sínú mọ́ọ̀lù ní Scottsdale ní Amẹ́ríkà ní 2009, nígbà tó di 2020 wọ́n ní àwọn ń kógbá sílé. Mi ò kàn yín lábùkù o. Mò ń sọ pé àwọn tó lówó jù yín lọ ti ṣe ṣọ́ọ̀bù tó rẹwà, ẹwà náà ò dá wọn dúró.

Ẹ̀yin wo tábìlì Apple, ẹ ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo gíláàsì wọn, ẹ ṣe irú rẹ̀. Ẹ fo káńtà kọjá. Bí ẹni tó wo agbádá ẹlòmíràn rán, tó gbàgbé láti la ọrùn sí i.

Èmi náà ń tajà. Bí apá bùbá bá fún oníbàárà mi, mi ò lè sọ fún un pé kó gbé e lọ bá àwọn tó hun aṣọ. Á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa jẹ ẹ̀pà, èmi á tú apá náà, mo máa ń fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀ torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní í san kọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo gé léèsì ẹnì kan kù, mo ra òmíràn fún un, ó sì wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Oṣù yẹn le fún mi. Títí dòní, òun àti gbogbo ẹbí rẹ̀ ni mò ń ránṣọ fún.

Mo ti pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sára pálí nígbà mẹ́rin. Orin ni mo ń gbọ́ títí owó káàdì mi fi tán. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́, ìdáhùn dé láàárín ìṣẹ́jú kan pé ẹ ti gba ẹ̀sùn mi, ẹ fún mi ní nọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, nọ́ńbà náà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ fún mi ní fóònù tuntun irú èyí tí mo rà, tàbí kí ẹ dá ₦287,500 mi padà. Tó bá jẹ́ pé àtúnṣe lẹ fẹ́ ṣe, ó tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù yín ní Àkúrẹ́ ni mo ti máa fà á lé yín lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni mo ti máa gbà á, ẹ ó kọ ọjọ́ tí mo máa gbà á sínú ìwé, ẹ ó sì yá mi ní òmíràn tí màá máa lò. Mi ò ní í ti ṣọ́ọ̀bù mi pa nítorí ìrìn àjò Èkó, lọ-bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, fún àbùkù tó ti ilé-iṣẹ́ yín wá. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ gbé káńtà síbẹ̀ rárá, ẹ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti orúkọ yín, pé títà nìkan lẹ̀ ń tà. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi owó lé owó Ọjà Ọba mọ ohun tó ń rà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ ti fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára tí kò lábùkù. Ọmọ àbúrò mi ti bá mi kọ ìwé tí màá fi ránṣẹ́ sí wọn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Títí di ọjọ́ 1 oṣù kejìlá, ibẹ̀ ló máa wà.

Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì, nọ́ńbà tẹ́ ẹ fún mi àti fótò ilà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí ọmọkùnrin yín tó tan tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ má bá a wí nítorí mi. Òun nìkan ló ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àyàfi ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni oníbàárà yín,
Aránṣọ, Òkè-Àró.