Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Jóábù Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ọ̀rọ̀ ìkórè ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo yọ ọ́ kúrò. Ẹ mọ ìdí rẹ̀: wọ́n pa ọkùnrin kan. Ta ló sùn ní àdúgbò wa lálẹ́ ọjọ́ náà? Mi ò ní dárúkọ olóògbé náà, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣí 2 Sámúẹ́lì 3. Ábínérì, ọ̀gágun ilé Sọ́ọ̀lù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Dáfídì jẹun tán ní Hébúrónì ni, ọba ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Jóábù, ọ̀gágun Dáfídì, ní kí wọ́n pè é padà. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí láti bá a sọ, ó sì gún un níkùn. Bíbélì ní ẹ̀san ikú Ásáhẹ́lì àbúrò rẹ̀ tí Ábínérì pa ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi tún ń wo ipò ọ̀gágun tí Jóábù wà, tí Ábínérì lè bọ́ sí.

Kí ni Dáfídì wá ṣe? Ó ní kí gbogbo ènìyàn fa aṣọ ya, òun náà tẹ̀lé òkú, ó sunkún lẹ́bàá ibojì, ó kọrin arò, kò jẹun títí oòrùn fi wọ̀. Ó ṣépè fún ilé Jóábù. Ó dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ẹ wá wo ẹsẹ 39: ọba tí wọ́n ta òróró sí lórí ní òun kò lágbára, àwọn ọmọ Seruia, ìyá Jóábù, le ju òun lọ. Jóábù padà sẹ́nu iṣẹ́. Àtọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ẹsẹ yìí, inú Dáfídì ń bí mi. Nígbà tó di orí 20, Jóábù tún pa Ámásà, ẹni tí ọba fi sípò rẹ̀. Ó di irùngbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Ikùn náà ló tún gún.

Nàìjíríà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Bola Ige tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, inú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn, ni wọ́n pa á sí ní December 23, 2001. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ti jáde lọ jẹun. Wọ́n gbé èèyàn dé kóòtù, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Adájọ́ Atinuke, ìyàwó rẹ̀, kú ní 2003 láì rí ìdájọ́. Ní July 2006, wọ́n pa Funsho Williams tó fẹ́ du gómìnà Èkó. Ní August ọdún náà, Ayo Daramola tó fẹ́ du ti Èkìtì, ní Ijan, ìtòsí wa níbí. Ilé ni wọ́n ti bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì dá àjèjì lẹ́bi: lẹ́yìn ìdìbò 1983, àwọn tó pa Olaiya Fagbamigbe, olóṣèlú, ní Àkúrẹ́ yìí, ṣé ẹnìkan kó wọn wá láti òkè òkun ni?

Ẹnìkan nínú ìjọ yìí fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé "ohun tó wá ló rí." Òkú ò tíì tutù! Ẹlòmíràn ní kí n fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Òṣèlú kẹ̀? Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí kò níṣẹ́, tí mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà ń wá gbé lóru, tó ń kówó wálé láàárọ̀, ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Ẹ jẹ ẹran tó fowó náà rà, ẹ tún ní kí n gbàdúrà fún un. Bí owó yẹn bá wọ ìdámẹ́wàá, tí mo sì mọ̀, màá dá a padà lójú gbogbo ìjọ. Àwọn tó ń rán wọn níṣẹ́ náà ń wá ṣe ìdúpẹ́ níbí, à ń fún wọn lága iwájú. Ìyẹn náà tán.

Ó tó. Ọmọ mi ni gbogbo yín, mi ò lé ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ jáde nínú ẹgbẹ́ àwọn apànìyàn yẹn, kó wá kanlẹ̀kùn mi, ì báà jẹ́ lóru. Ẹni tó bá rí nǹkan tí ẹ̀rù ń bà, èmi àti àwọn alàgbà á tẹ̀lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, a ó sì bá a wá lọ́yà. Ẹ lọ kí opó náà. Ẹ gbé ẹ̀kọ àti omi lọ, ẹ bá a fọṣọ àwọn ọmọ. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé, ẹ má sì bi í léèrè ẹni tó fura sí.

Ìkéde, kí àyè tó tán: Ìsọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ìgboro á fi rọ̀. Ẹ dá káàdì ìkórè padà fún akápò. Ẹgbẹ́ Akọrin, aṣọ funfun. Ẹni tó gbé àga ike ìjọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jọ̀wọ́, a ń wá a.