Níbo ni a ó ti bí ìbejì náà?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín láti Ìyàrà, ní ilẹ̀ Ìjùmú. Okun o, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí àwọn òǹkàwé yín ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lójú ìwé yìí: bóyá kí obìnrin tó lóyún ìbejì bí wọn fúnra rẹ̀, tàbí kí ó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni kan ní iṣẹ́ abẹ ni kò ní wàhálà, ẹlòmíràn ní owó ni àwọn dókítà ń wá. Mo ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì lè ka iye ìbejì tí mo ti gbà mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ìyàwó ọmọ mi kejì lóyún ìbejì lọ́wọ́, oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 33, àríyànjiyàn tí ẹ ń tẹ̀ jáde sì ti wọ inú ilé wa.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní nínú ìdílé tiwa a kì í fi ọ̀bẹ gba ọmọ. Ìyá ìyàwó wa, tí wọ́n ti Ìsánlú wá kí ọmọ wọn, ní àdúrà tí àwọn ń gbà ni pé kí ó bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù, tí ìwé Ẹ́kísódù sọ pé wọ́n máa ń bí kí agbẹ̀bí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ṣe àmín sí i tọkàntọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà tó ń fẹ́ kí agbẹ̀bí pẹ́ lẹ́yìn kò fi bẹ́ẹ̀ bá èmi tí mo ṣe iṣẹ́ náà lára mu. Bí mo ṣe ń ṣe àmín ni mo ń wo ìyàwó wa. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún. Gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ yí ikùn rẹ̀ ká fún bíi wákàtí kan, kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tí skáànù rẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ìwé skáànù náà wà nínú báàgì tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní kó mú un wá. Ohun tí a kọ́kọ́ ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ibi tí orí Táyé kọjú sí. Bí ọmọ tó wà nísàlẹ̀, tí yóò kọ́kọ́ jáde, bá kọrí sísàlẹ̀, tí àwọn ọmọ náà tóbi bó ti yẹ, tí ara ìyá sì dá, ìyá lè rọbí kó sì bí àwọn méjèèjì. Bí Táyé bá dábùú, tàbí tó jẹ́ Ìgè, tí ẹsẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà yóò yàn, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àgbọ̀n Táyé tó ń fi ìdí bọ̀ lè há mọ́ àgbọ̀n Kẹ́hìndé tó kọrí sísàlẹ̀, kí ọ̀nà sì dí mọ́ àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ibi ọmọ. Skáànù tí a bá ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń fi hàn dáadáa bóyá ibi méjì ni àwọn ọmọ náà ní tàbí ọ̀kan ṣoṣo, àti bóyá àpò omi kan náà ni wọ́n jọ wà. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ti àwọn tó ń dúró dìgbà tí ikùn bá yọ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó jọ wà nínú àpò omi kan, okùn ìwọ́ wọn lè lọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbé wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, a kì í dúró de ìrọbí. Irú wọn kò wọ́pọ̀. Nígbà tí Nylander, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí ìbejì ní Ìgbó-Ọrà, ó rí ìbejì nǹkan bí 45 nínú ìbímọ 1,000, inú ẹyin méjì ni púpọ̀ jù nínú ìbejì wa sì ti ń wá, tí olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀ àti àpò omi tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa, ẹni tó bá sì sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà kò sọ òtítọ́ fún wọn.

Ìwádìí ńlá kan wà lórí èyí, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Kánádà ṣíwájú rẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Aboyún ìbejì tó lé ní 2,800 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì ní orílẹ̀-èdè 25, orí ni Táyé gbogbo wọn fi wà nísàlẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ṣètò iṣẹ́ abẹ fún, ọmọ tó kú tàbí tó ní ìpalára ńlá jẹ́ 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n ṣètò pé kí wọ́n bí fúnra wọn, ó jẹ́ 1.9. Ìyàtọ̀ yẹn kéré ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi jà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó fẹ́ bí fúnra wọn, bíi 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sì wà tó jẹ́ pé wọ́n bí Táyé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Kẹ́hìndé. Ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ni gbogbo wọn sì wà, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìbejì gbà. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín dúró sí díẹ̀ nìyẹn.

Àwa Yorùbá gbà pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Alágídí ni ẹ̀gbọ́n yìí nínú yàrá ìrọbí. Bí Táyé bá ti jáde, ilé ọmọ á ṣófo lójijì, Kẹ́hìndé á rí àyè tí kò ní tẹ́lẹ̀, á sì yí. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa ń bẹ̀rẹ̀. Bí agbẹ̀bí kan bá ṣe ń di okùn ìwọ́ Táyé, èkejì á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn ìyá láti ìta, ọ̀tún àti òsì, bí ẹni tó di igbá omi mú kó má baà dà, kí Kẹ́hìndé lè dúró lóòró. Etí á wà lára ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ, ojú á wà lára aago ògiri. Bí ìrọbí bá dáwọ́ dúró, wọ́n á fi oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, sínú omi tó ń kán sí ìyá lára. Bí Kẹ́hìndé bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè di ẹsẹ̀ méjèèjì mú kó fà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kó má dán an wò. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti jáde, ilé ọmọ tó ti fẹ̀ fún ẹni méjì lè kọ̀ kó má sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya. Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí ìyá lára, a kì í fi ìbejì bíbí dán ibẹ̀ wò.

Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan tí n kò ní dárúkọ. Aboyún kan wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, Táyé sì jáde kí a tó tẹ́ aṣọ sórí ibùsùn tán. Ayọ̀ sọ. Kò pẹ́ tí omirá Kẹ́hìndé bẹ́, okùn ìwọ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó gbóná, ó ń lù. Kò sí dókítà, iná kò sí. A gbé ìyá náà sẹ́yìn ọkọ̀ Peugeot aládùúgbò kan, a ní kó kúnlẹ̀, kó fi àyà lélẹ̀, kó gbé ìdí sókè, èmi sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ìka méjì ti orí ọmọ sókè nínú rẹ̀ kó má baà tẹ okùn náà. Lọ́kọ́ja ni a ń lọ, ihò sì pọ̀ ju ọ̀dà lọ lójú ọ̀nà ìgbà náà. Gbogbo ihò tí ọkọ̀ bá kó sí, mo máa ń wá ìlù náà lára okùn, mo sì máa ń rí i. Nígbà tó yá, n kò rí i mọ́. Ìyá yè. Táyé rẹ̀ ti di ọkùnrin. Bó bá kí mi lọ́jà, n kì í lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Méjì méjì ni ìyá rẹ̀ ṣì ń ra nǹkan fún un.

Bí ẹ bá bi mí bóyá obìnrin yẹn ni a bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, èmi á ní kò pọn dandan. Táyé kọrí sísàlẹ̀, ìyá kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí ohun kan tó ṣe é. Ibi tó bí sí ni kò dáa.

Ojú ọ̀nà láti Obajana dé Kàbbà, tí a ń gbà lọ sí Lọ́kọ́ja, ti di kọnkéré báyìí, kìlómítà 43, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tírélà sìmẹ́ńtì ń bẹ lójú ọ̀nà náà, àwọn ọ̀nà tó wọ Bùnú àti inú Yàgbà kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ alẹ́ di ẹ̀rù, ẹ wá awakọ̀ tí yóò gbéra ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹ rí i. Ìrọbí kì í sì í dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí aboyún ìbejì bá ń gbé ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní ibi tó lè ṣí lọ, mo gbà kó fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 37 sí 38 bí ó bá jẹ́ ibi ọmọ méjì, ọ̀sẹ̀ 36 sí 37 bí ó bá jẹ́ ibi ọmọ kan tí àpò omi jẹ́ méjì. Bí ó bá lè ṣí lọ sẹ́bàá ilé ìwòsàn tó ní dókítà, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

N kò polówó iṣẹ́ abẹ. Egbò rẹ̀ máa ń dùn, ìyá tó ní ọmọ méjì láti gbé kò sì ní ìsinmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ wa Ìdòwú ń bẹ, Àlàbá sì lè tẹ̀lé e. Ibi ọmọ lè lẹ̀ mọ́ ojú àpá náà, ilé ọmọ sì lè ya níbi àpá bí ìrọbí bá le. Mo ti rí obìnrin tó fi àpá rẹ̀ pamọ́ fún agbẹ̀bí ìjọ nítorí pé wọ́n ti kàn án lábùkù pé kò bímọ bí obìnrin. Àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ẹnu wọn ló ń lé e padà sílé ibi tí kò yẹ kó ti rọbí mọ́ láé.

Ní ti owó, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé àwọn aláìní tó bá nílò iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò rí i ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera. Kí ẹ tó jẹ́ kí owó pinnu fún yín, ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ lò bóyá ó wà nínú ètò náà, kí ẹ sì béèrè kí oyún tó wọ oṣù kẹjọ.

Ìwé skáànù ìyàwó wa sọ pé ibi méjì ni, Táyé kọrí sísàlẹ̀, Kẹ́hìndé dábùú. Mo bi í léèrè, níwájú gbogbo wọn, ohun tí òun fẹ́. Ó ní òun fẹ́ gbìyànjú láti bí wọn fúnra òun, ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ ìdí tó yé òun, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ wá ìbùwọ́lùwé ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ òun kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú. Ọmọ mi ti gba yàrá kan fún un ní Lọ́kọ́ja láti ọ̀sẹ̀ 36, mo sì ti di ẹrù tèmi, nítorí èmi ni n ó bá a gbé. Ọjọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni skáànù mìíràn, a ó wò ó bóyá Táyé ṣì wà níbi tí a bá a.

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìntì,
Ìyàrà-Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.